Ilẹ̀kùn Aláwọ̀ Ewé

Òórùn sítáàṣì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń jí mi nílé wa l'Ókè-Àdó. Alágbàfọ̀ ni Màmá mi. Kí oòrùn tó yọ, èédú ti pọ́n, aṣọ aláṣọ ti tò sórí tábìlì, àwa ọmọ kò sì gbọdọ̀ mí sí i.

Èmi ni mo ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Àṣà kan wà tí Màmá kì í fi ṣeré: bó bá rán ọ níṣẹ́, o gbọ́dọ̀ tún un sọ sí i létí kí o tó gbẹ́sẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí: bí mo bá tún un sọ tí mo ṣì í, wọ́n á mọ̀ pé olódo ni mí. Nítorí náà, mo máa ń mi orí bí alángbá, mo sì máa ń ti fò jáde kí ẹnu rẹ̀ tó padé.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ká aṣọ funfun Bàbá Akọrin lé mi lọ́wọ́, ọ̀gá àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ilé tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni. Ìyókù, afẹ́fẹ́ ló gbọ́ ọ. Mo ti dé títì. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí mo kọ́kọ́ rí, mo kàn án, mo na aṣọ sí bàbá arúgbó tó jáde. Ó tilẹ̀ súre fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Akọrin dúró lágbàlá wa pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún. Màmá fà mí lápá, ó ní kí n mú òun lọ. Bàbá Jímọ̀, arúgbó àná, la bá níwájú ilé rẹ̀, Mùsùlùmí òdodo, ó jókòó nínú aṣọ akọrin bí ọba, ó ń fọ́ ẹ̀pà. Ó ní òun rò pé ọmọ òun tó wà l'Ékòó ló fi jalàbíà ránṣẹ́ ni.

Màmá kúnlẹ̀ fún un, ó tún lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Akọrin, nítorí ẹnu ọkùnrin yẹn ló ń mú oníbàárà yòókù wá. Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Bàbá Akọrin gba ẹ̀bẹ̀, ó sì kọrin lọ́jọ́ náà pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà lápò aṣọ rẹ̀. Ohun tí Màmá sọ fún mi lọ́nà kò pọ̀: "Ilẹ̀kùn lè jọ ilẹ̀kùn, Délé. Béèrè ẹni tó ń gbé inú ilé."

Ó ti lé lógójì ọdún. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Vaughan, ní Kánádà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, Sípáníìṣì sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń to ẹrù ń sọ. Lóṣù tó kọjá, páálí ogún dé, wọ́n kọ ROPA sí gbogbo wọn lára. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo kà sọ fún mi pé "rope" ni, okùn. Mo bá ń tì wọ́n lọ síbi okùn àti ìṣó. Marta, ọmọ Kòlóńbíà tí a jọ wà ní shift, wà nítòsí, ṣùgbọ́n kò dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Èmi onírun funfun, kí n máa bi ọmọdé ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀? Ìdajì ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ Màmá ti sọ sí mi lọ́kàn, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Mo padà, mo bi í.

Ó fa ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fa ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ropa."

Aṣọ. Ọmọ alágbàfọ̀, kò dá aṣọ mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó lórí páálí. Marta gbé ìka sókè, ó ń dúró kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ sí i.

Mo ròyìn fún ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ní North York. Ó ní, "Daddy, there are plenty like that." Ó ní sopa kì í ṣe ọṣẹ, ọbẹ̀ ni; éxito kì í ṣe ọ̀nà àbájáde, àṣeyọrí ni. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn.

Délé kékeré a máa sáré dé ilé onílé. Délé àgbà náà ṣì ń sáré, kí n má purọ́. Ìdajì ọ̀nà ló ń dúró báyìí.