Ìda Tí Mo Fi Dí Ẹ̀rọ Àbúrò Mi Lẹ́nu

Kí àbúrò mi tó kó ẹ̀rọ dé, etí mi ni àwọn ọlọ́sìn oyin ní Ìdànrè ń lò. Bí àpótí oyin ẹnìkan bá ń ṣe ségesège, ọ̀kadà ni wọ́n fi ń wá gbé mi. Mo ti lọ sí Atosin, mo ti lọ sí ọ̀nà Òwènà, mo ti rìn dé ẹsẹ̀ àpáta níbi tí ọ̀kadà kò lè dé. Bí mo bá débẹ̀, màá fi etí ọ̀tún mi lé ara pákó, màá sì fi ìka kan án lẹ́ẹ̀kan. Bàámi ló kọ́ mi. Ilé tí ayaba, ìyá gbogbo oyin inú àpótí, bá wà, oyin á kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì dákẹ́. Ilé tí ayaba bá ti kú, kíkùn náà kì í tán bọ̀rọ̀. Á máa lọ sókè, á máa lọ sódò, bí ẹkún àwọn obìnrin nílé òkú. Màá gbé orí sókè, màá ní, "Ìyá yín wà ńlé," tàbí, "Ìyá yín ti lọ." Wọ́n á ṣí àpótí náà, bí mo ṣe wí ni wọ́n á bá a. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé èmi ni ayaba ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ọdún tí mo parí girama ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàámi, èmi ni mo sì dúró tì í lóko kòkó. Àbúrò mi obìnrin, tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù lọ, ló lọ sí yunifásítì. Ó kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ó gba iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ó ra mọ́tò. Nígbà tí Bàámi kú, òun ló sanwó pósí, èmi ni mo jogún àpótí oyin méje. Mo rò pé a ti pín in dọ́gba nìyẹn: òun ló ni ìwé, èmi ni mo ni oyin.

Ọjọ́ Sátidé kan ló wakọ̀ dé pẹ̀lú páálí kan. Ó kó àwọn ẹ̀rọ kéékèèké jáde níbẹ̀, wọn kò ju páálí ìṣáná lọ, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín àti sólà tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ní inú àpótí oyin ni wọn yóò máa gbé. Wọn yóò máa gbọ́ ohùn oyin, wọn yóò máa wo bí ibi tí ayaba ń yé ẹyin sí ṣe gbóná sí, wọn yóò sì máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Bí ayaba bá wà ńlé, àwọ̀ ewé ni fóònù yóò gbé jáde. Bí kò bá sí, á pọ́n.

Èmi ni mo fín oyin ní èéfín, òun ló ń fi ẹ̀rọ sí i. Nígbà tí a délé lọ́sàn-án, Màámi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Àbúrò mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ wò ó. Àpótí méje, ayaba méje. Gbogbo wọn ló wà ńlé."

"Láti ibi tí mo jókòó sí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Èmi náà á máa rí wọn láti Àkúrẹ́."

Màámi gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, o káre. Bàbá rẹ ì bá wà láyé kó rí èyí!"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi etí lé pákó, Màámi kò sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Ó ń jẹ oyin tí mo ń kó wálé, ó ń fi tọrẹ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan rí ní kí Bàámi ti ọ̀run wá wò mí.

"Àǹtí, ẹ wá wo tiyín," ni àbúrò mi wí.

"Mo ti gbọ́ wọn láàárọ̀," ni mo dá a lóhùn. Mo bá wọ kíṣìnì lọ, mo ń fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màámi ti ròyìn ẹ̀rọ náà fún ìdajì àwọn ìyá ìjọ kí àlùfáà tó gun àga ìwàásù. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́sìn oyin ẹgbẹ́ wa náà gbọ́. Ọkùnrin kan tí mo ti bá tẹ́tí sí àpótí rẹ̀ láìmọye ìgbà pàdé mi níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, ó kí mi dáadáa, ó wá ní kí n jọ̀ọ́ fún òun ní nọ́ńbà àbúrò mi. Ilé wa kò jìnnà sí tirẹ̀ ju ìró ìpè lọ. Mo fún un ní nọ́ńbà náà. Mo tún bá a kà á lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣì í kọ. Bí mo ṣe ń rìn lọ ni mo ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe fún wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi pè mí láti Àkúrẹ́. "Àǹtí, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ àpótí kẹta wò. Ó jọ pé ayaba ibẹ̀ ti kú."

Mo lọ, mo fi etí mi lé e, n kò gbọ́ ẹkún kankan. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é padà láìṣí àpótí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i, mo rí ilé ayaba tuntun mẹ́ta tí wọ́n so kọ́ sí àárín afárá, wọ́n gùn gbọọrọ bí ẹ̀pà inú èèpo. Oyin kì í dédé kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wọn bá wà. Ẹ̀rọ ló gbọ́ o, èmi kò gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màámi pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn.

"Kí ló dé tí o kò sọ?" ni Màámi bi mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Nínú àpótí méje náà, ọ̀kan wà tí Bàámi fi pákó ìrókò kàn fúnra rẹ̀, abẹ́ igi obì ló wà, ní ìpẹ̀kun oko wa. Oyin kò kúrò nínú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ wà nínú ìyẹn náà. Mo ṣí i, mo fa ẹ̀rọ náà jáde, mo bu ìda díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọ ihò tó fi ń gbọ́ràn, mo sì já wáyà tó ń wo ooru. Mo dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ń kọrin bọ̀ wálé.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi pè. "Àǹtí, n kò gbọ́ nǹkan kan láti inú àpótí Bàámi mọ́ o."

"Oyin ti dí ẹ̀rọ rẹ lẹ́nu. O kò mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ ihò nínú ilé wọn ni?"

"Ṣé kí n wá tún un ṣe?"

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Etí mi wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, kò séwu."

Ìbá sàn kó bú mi.

Mo ń lọ sídìí àpótí náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Màá kàn án, màá tẹ́tí, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Màá tẹ àbúrò mi láago pé ayaba Bàámi wà ńlé digbí.

Ọkùnrin tó ń bá wa dá oko kòkó, tó ti ìhà Òkè-Ògùn wá, ló dá mi dúró lọ́jọ́ kan. Ó ń la kòkó lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ má bínú o. Kí ló ń ṣe oyin abẹ́ igi obì yẹn? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń ké."

"Ta ló ń ké? Wọn kò ké."

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé. "Ìyá, mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo dúró sí yìí."

Mo lọ, mo fi etí ọ̀tún lé pákó. Ohun tí mo gbọ́ dà bí òjò tó ń rọ̀ ní ìlú ibòmíràn. N kò mọ ohun tó mú mi yí orí padà. Mo fi etí òsì lé e. Ẹkún náà gbá mi létí débi pé mo fò sẹ́yìn. Mo tún fi ti ọ̀tún lé e, òjò. Mo fi ti òsì, ẹkún. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ewé kòkó gbígbẹ. Etí tí gbogbo Ìdànrè ń tìtorí rẹ̀ pè mí ti kú, n kò sì mọ ọjọ́ tó kú.

Nígbà tí mo rójú ṣí àpótí náà, ó ti bọ́ sórí. Bí ayaba bá ti pẹ́ tó ti kú, tí oyin kò sì rí òmíràn fi jẹ, àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin fúnra wọn. Akọ nìkan ni ẹyin wọn ń dà, akọ kì í sì í ṣiṣẹ́. Ẹyin mẹ́ta mẹ́rin ni mo rí nínú ihò kan. Kòkòrò ti ń ta okùn sára afárá.

Mo pe àbúrò mi. Ó dé ní kùtù ọjọ́ kejì. Mo ti pèsè irọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ fà jáde. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Àǹtí, oje igi ni oyin fi ń dí ihò. Ó máa ń dúdú ni. Ìda ni èyí." Ó fi hàn mí. "Ọwọ́ èèyàn sì wà lára rẹ̀."

Àmì àtàǹpàkò mi hàn kedere lórí ìda náà.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O kò fi nǹkan kan ṣe mí. Màámi ló ní kí Bàámi wá wò ọ́." Bí mo ṣe sọ ọ́ jáde ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Mo sọ ti etí mi náà fún un, nítorí kò tún sí ohun tí mo ń fi pamọ́ mọ́.

Kò sunkún, kò sì pariwo. Ó ní, "Ẹ pa oyin Bàámi nítorí tèmi." Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ aṣọ oyin rẹ̀, ó ní kí n bá òun mú afárá tí ẹyin wà nínú rẹ̀ wá láti inú àpótí mìíràn, bóyá wọ́n á lè fi tọ́ ayaba. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Wọn kò gbà. Wọ́n ń dín kù, wọ́n ń dín kù, títí ó fi ku àpótí lásán.

Kò sọ fún Màámi. Ó ní ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ìwà rere rẹ̀ yẹn tún bí mi nínú, mo jẹ́wọ́. Mo ṣe ìlara ìyẹn náà. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí ní Àkúrẹ́. Dókítà ní ti ọ̀tún kò ní padà, kí n máa tọ́jú ti òsì.

Nígbà tí a délé, mo jókòó ti Màámi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ìda dé orí irọ́. Ó gbọ́ mi tán. "Àpótí tí bàbá rẹ fọwọ́ kàn?" ni gbogbo ohun tó bi mí. Ó dìde, ó wọlé, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àbúrò mi ló ń pè é láti Àkúrẹ́ lójoojúmọ́, tó ń bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń ta mí lára, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́.

Báyìí, àbúrò mi ló ń wo fóònù, èmi ni mò ń ṣí àpótí. Tó bá pè pé ọ̀kan pọ́n, kíá ni mo ti mú ohun èlò èéfín. Ìlara náà kò tíì lọ. Tí mọ́tò rẹ̀ bá yà wọlé, tí Màámi bá fi ọ̀pá dìde láti lọ pàdé rẹ̀, ohun tó ń ta mí níjọ́sí ṣì ń ta mí. Mo máa ń dúró títí ìlara náà yóò fi rọlẹ̀, kí n tó jáde lọ bá àbúrò mi gbé ẹrù.