Ọgọ́ta Kọ̀ǹpútà àti Aago Méjì Ọ̀sán

Ọdún kọkànlá rèé tí èmi àti obìnrin kan ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo ń fa wáyà, tí mo ń pààrọ̀ gílóòbù tó bá kú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Bàbá Wáyà. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, Màmá Kọ̀ǹpútà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Yàrá kan la jọ ń lò ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kò fẹ́ràn ooru. Bí oòrùn tilẹ̀ ń ta bí iná níta, inú súwẹ́tà ni wàá bá Màmá.

Bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wọlé, olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tí yóò fi kọ́ṣẹ́, tí yóò sì fi ṣèdánwò. A ò ní ọgọ́ta kọ̀ǹpútà gidi. Inú àwọn ńláńlá mẹ́rin yẹn ni Màmá ti ń dá àwọn kéékèèké sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò ní ara, tí ẹnikẹ́ni ò lè gbá mú, ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síwájú rẹ̀ á rò pé tòun nìkan ni.

Ó là á yé mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá Wáyà, ilé ayálégbé ni. Ilé kan náà ni, àmọ́ olúkúlùkù ló ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀."

Ọwọ́ ló fi ń dá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ á béèrè orúkọ, á sọ ọ́ lórúkọ. Á béèrè pé báwo ni kí àyè rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, á dáhùn. Àdírẹ́sì tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù yóò fi mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìwọlé ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo á gba ìdajì wákàtí. Bí ó bá sì dìde kó tó parí, ẹ̀rọ náà á dúró dè é títí, á sú u, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Màmá á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni iṣẹ́ yìí ń jẹ ní sáà kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn ún. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin, ọmọ náà sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè. Baálé Màmá ti kú láti ọdún méje. Ọmọ yìí ti bímọ lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin náà ni, Màmá kò sì tíì fojú kàn án rí àfi nínú fóònù. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Ìgbà yẹn ni ìyá àti ọmọ máa ń pè é. Fóònù kì í gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá wa, nítorí náà, ẹ̀bá fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màmá ti ń gba ìpè náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí sáà bá bẹ̀rẹ̀, kò sí bó ṣe lè dìde.

Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-ọmọ náà kọ́kọ́ rìn. Aago mẹ́rin ni Màmá tó jáde, tó bá ìpè mẹ́ta tí kò gbé. Ó pè padà. Ọmọ rẹ̀ ní, "Ó ti rìn, Màmá. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Mo gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó lè máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Màmá kí i kú oríire, ó sì wọlé padà. Ó jókòó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Wáyà, iṣẹ́ tí mo ń fọwọ́ ṣe yìí ló ń bá mi jìjàdù ọmọ-ọmọ mi."

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni nígbà yẹn, ó ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun bí ọmọ iléèwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí ìwé àṣẹ jẹ́ kò ju èyí lọ: gbogbo ohun tó ń fi ọwọ́ tẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ̀léra-tẹ̀léra ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ẹ̀rọ á sì máa kà á, á máa ṣe é fúnra rẹ̀. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, ó ń kọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á gbé ìka kan sókè pé kí n dúró ná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó dán an wò, ọgọ́ta kọ̀ǹpútà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà àti àdírẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn ní. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹni tó bí ọgọ́ta ọmọ tó sọ gbogbo wọn ní orúkọ kan, tó bá pe ọ̀kan, ta ni kó jẹ́ ẹ?"

Ó pa gbogbo wọn rẹ́. Ó wá ṣe ìwé onílà kan, ìlà kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan: orúkọ, àdírẹ́sì, àti irú iṣẹ́ tó wá kọ́, nítorí ohun tí àwọn agbẹ̀bí ń lò nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé ń lò. Ìwé àṣẹ yóò máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ohun tó bá kà níbẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà náà láṣọ. Oṣù márùn-ún ló fi tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì káwọ́ sí itan. Kó tó di ọ̀sán gangan, ọgọ́ta ti dúró, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó bọ́ súwẹ́tà, ó lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé kí aago méjì tó lù. Mo wà lórí àkàbà lọ́dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti ń pààrọ̀ gílóòbù.

Aago méjì lù. Ó kọjá. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ pè, ohùn fóònù náà sì ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ohùn ọmọ rẹ̀ wálẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sá fún ọ̀gá.

"Màmá, ẹ káàsán mà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan. Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ti lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Màmá, mo ti ríṣẹ́, òní ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ fi ṣe yín ní kàyééfì lópin ọ̀sẹ̀ ni. Kùtùkùtù àárọ̀ la ó máa jáde nílé báyìí, ọjọ́ Àìkú la ó máa ráyè pè yín."

"A dúpẹ́ o. Iṣẹ́ náà á tù ẹ́ lára. Padà sẹ́nu ẹ̀, kí wọ́n má bàa bá ẹ wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó gbé fóònù sórí itan, ó ń wo ìta. Gílóòbù mi ti tàn, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró lórí àkàbà bí ẹni tí iṣẹ́ ṣì kù fún.

Kò pẹ́ tí alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ fi gbọ́ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti di iṣẹ́ òwúrọ̀ kan. Ó kó kọ̀ǹpútà àwọn olùkọ́ àti ti ilé ìkàwé lé Màmá lọ́wọ́. Màmá gbà á, ó kọ ìwé àṣẹ fún àwọn náà. Nígbà tó parí, ó wọ ọ́fíìsì alákòóso, ó tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Alákòóso ní, "Sáà tuntun wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Ta ló máa ṣe iṣẹ́?"

"Bàbá Wáyà ni, mà," ni Màmá wí.

Mo ní, "Èmi tí mi ò mọ̀ ju wáyà lọ?"

"Kò dìgbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n kọ," ni Màmá dá mi lóhùn. "Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n pè."

Ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo kọ orúkọ sínú ìwé onílà, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà, mo sì káwọ́ sí itan bíi tirẹ̀. Méjìdínlọ́gọ́ta jáde. Mo ṣi àdírẹ́sì méjì kọ ni. Mo pè é. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ kékeré kan lábẹ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń kọ́ mi ní bí màá ṣe tún un ṣe.

Nígbà tó dé, ó sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà fi sá fún òun. Màmá àgbà tí ọmọ náà mọ̀, ojú lásán ni, inú fóònù ló sì ń gbé. Kò mọ ẹni tó ní ẹsẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó rọra wá jókòó lórí ẹsẹ̀ Màmá bí ẹni jókòó sórí àpótí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn Màmá ló ń sùn sí títí ọjọ́ ìpadàbọ̀ fi pé.

"Mo rò pé bí mo bá lọ rí i, ara á tù mí," ló wí. "Tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ ni mo ń fẹ́ gbọ́. Ní báyìí, ẹ̀yìn mi ló ń wá a."

Wọ́n ń pè é lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ náà ti ń sọ gbólóhùn, èdè tibẹ̀ ló sì fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù, ìyá rẹ̀ á máa túmọ̀. Ìsinmi míì di ọdún tó ń bọ̀. Màmá ti kọ̀wé béèrè rẹ̀, alákòóso kò sì tíì fèsì.