Ààyè Ọkọ̀ Ọgọ́ta

Ẹ jẹ́ kí n wí i kí n tó tún pa á mọ́ra: ìṣirò tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni wọ́n fi wó ilé-ẹ̀kọ́ opó kan.

Ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé kan ní Challenge, nílùú Ìlọrin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń ṣírò iye ọkọ̀ tí ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní ààyè fún. Ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé ìtajà sí Basin. Ọ̀gá mi ní kí n lọ síbi ilé ìtajà mìíràn tó jọ ọ́, kí n ka ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, iye yẹn la ó kọ sínú ìwé ìjọba. Iṣẹ́ tí ò le rárá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ráàyè, mo débẹ̀ ní agogo kan ààbọ̀. Háà! Ọkọ̀ kún débi pé wọ́n dí ara wọn mọ́lé. Mo kà á, ó pé ọgọ́ta. Mi ò wọ ṣọ́ọ̀bù kankan, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ń lọ.

Ilẹ̀ tí oníbàárà wa ní ò lè gbà ju ọgbọ̀n lọ. Ó bá lọ ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Orí ilẹ̀ yẹn ni tíṣà àgbà kan, opó ará Ọ̀mù-Àrán tó ti fẹ̀yìn tì, háyà yàrá méjì sí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Òun ló kọ́ ọmọ tèmi náà ní a, b, d. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ló ń mú un dìde láàárọ̀.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ṣé ọkọ̀ náà ò lè dín díẹ̀ ni?"

Mo ní, "Màmá, ìṣirò ni mà, kì í ṣe ọwọ́ mi."

Ojú tó fi wò mí ni ò jẹ́ kí n sinmi. Mo padà lọ sí ilé ìtajà yẹn lọ́jọ́ Alàmísì. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré! Mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì pé Jímọ̀ ńkọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alhaja, ṣé ẹ kì í ṣe ará ìlú yìí ni? Àwọn tó ń kírun ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn wa ló ń gbé ọkọ̀ wọn síbí. Tí wọ́n bá ti kírun tán, gbogbo wọn á fọ́n ká."

Èmi, ọmọ Ìlọrin! Èmi tí bàbá mi kì í pa Jímọ̀ jẹ, tí ìyá mi máa ń lọ jálábíà rẹ̀ sílẹ̀ láti Alàmísì! Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Kí n wá lọ sọ fún ìjọba pé a ò mọ nǹkan kà? Wọ́n ti lu òǹtẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ wó o."

Ó ní, "Ṣé èmi ni mo kà á?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mi ò lọ bá oníbàárà, mi ò lọ bá ìjọba. Ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí àlàyé mìíràn.

Wọ́n wó o. Kọnkéré ti bo ibẹ̀ báyìí, ìdajì rẹ̀ kì í rí táyà. Kò tilẹ̀ sí mọ́sáláṣí nítòsí tí Jímọ̀ ìbá fi kún un.

Lóṣù tó kọjá mo pàdé màmá náà ní Ọjà-Ọba. Ó ti rù kan eegun. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. Mo kúnlẹ̀, mo lanu pé kí n jẹ́wọ́, ó sì gbọ́wọ́ lé mi lórí.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ká ní ó wà lọ́wọ́ ẹ ni, o ò ní í jẹ́ kí wọ́n wó o. Olúwa ò ní í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Mo ní, "Àmín, mà."