Tíṣà Tó Máa Ń Ní Ká Kúnlẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sábọ̀n Gàrí ní Kánò, ẹkún la fi kọ́ Yorùbá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Títì Enúgù, ẹ ó rántí Tíṣà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá ṣe tíṣà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó bá ṣèèṣì fi Hausa kí i pé "Ina kwana" ti wọ gàù. "Kúnlẹ̀, kí o tún mi kí." Orí òkúta wẹ́wẹ́ la máa ń kúnlẹ̀ sí, nínú ọyẹ́ Kánò tó máa ń la ètè.

Ìyá mi, tó ń din àkàrà níwájú ilé wa tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í gbè wá. Á ní, "Tíṣà, ẹ má tíì jẹ́ kó dìde o, kó má baà gbàgbé ilé bàbá rẹ̀." Lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà yóò wá jẹ ẹ̀kọ gbígbóná lọ́dọ̀ wa. Orí ẹja tó yẹ kó jẹ́ tèmi, ọ̀fun rẹ̀ ló máa ń bá lọ. Mo ṣì ń bínú orí ẹja yẹn.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, ó di fíkà. Nígbà tí wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ìyá mi wọ mọ́tò láti Kánò lọ bá a yọ̀, ó di kúlíkúlí tó fẹ́ràn dání. Nígbà tí wọ́n sì wá gbé e padà sọ́dọ̀ wa, a jó títí bàtà fi já.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fòpin sí ìsìn Yorùbá. Ó ní àwọn ọmọ kò gbọ́ ọ mọ́, kí gbogbo wa máa sìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló yẹ kó kọ́ wọn? Ṣé orí bíbẹ́ ni oògùn orí fífọ́? Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá ń jókòó bí àlejò nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó fi orí ru yanrìn kọ́. Inú bí mi débi pé n kò lè kọrin.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ ìjọ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kan náà. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó ní, "Good morning, Mama."

Ìyá mi wò ó. "Tíṣà," ó ní, "ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tún mi kí."

Bíṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Láyé ìgbà tiwa, ọmọ tí kò bá fi Yorùbá kíni ló ń kúnlẹ̀. Lónìí, ìyá mi tó gbọ́ ọ ló ń dá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó ń ka Sáàmù. Ọmọ mi yọjú sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì fi Hausa bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.