Ohun Tí A Lọ Wò ní Fàràsán

Ọkọ mi, Abdulhadi, iṣẹ́ ẹnu ló fi ń jẹun. Bí àwọn Àlàájì àti Àlàájà bá ti ilẹ̀ Yorùbá dé sí Mẹ́kà, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe síyárà, ìyẹn ni pé kí wọ́n kó wọn yí ká àwọn ibi tí wọ́n ti ń ka ìtàn rẹ̀ nílé kéú, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Yóò dúró níwájú bọ́ọ̀sì, yóò kẹ́yìn sí dírẹ́bà, yóò kọjú sí èrò, yóò fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ẹnu. "Ẹ̀yin èèyàn mi, lápá ọ̀tún yín, òkè Núùrù nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ ya fọ́tò yín, òkè ò ní sá lọ." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, torí pé ojoojúmọ́ ni èrò ń yí padà. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa, ó ti pẹ́ tí kò ti pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ìwó wá ṣe hájì, tó jókòó síbẹ̀ tí kò padà mọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti jẹ́ ọmọ ibí tó, ìkámà la fi ń gbé ìlú, ìwé tí kafíìlì, ọ̀gá tí orúkọ ẹni wà lábẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa bá ni tún ṣe. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní òun ò nílò rẹ mọ́, tí o ò sì rí ẹlòmíràn, ilé ti yá nìyẹn. Ilé wo? Ìwó tí a kò dé rí. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọkọ mi kò gbọ́n.

Ní tèmi, oúnjẹ ni mò ń sè fún àwọn èrò hájì tó ń gba ilé ní Asísíyà. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí ó ti rí. Èyí ò jẹ ata, èyí ní ata ò tó, ẹlòmíràn ní ìrẹsì ibí ò dà bí tilé. Nígbà tí hájì ọdún 2013 fi máa parí, ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ohùn Abdulhadi há, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí. Dalia, ọmọ wa tó ń gbé ní Jẹ́dà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, wá kí wa nílé wa ní Rùsáífà, ó wo èmi, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì fi Lárúbáwá sọ pé ká lọ sinmi níbì kan kí a tó kú. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn pé kó gbé ẹnu rẹ̀ sọ́hùn-ún. Báyẹn náà la máa ń sọ̀rọ̀, kálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀.

Erékùṣù Fàràsán ni Dalia mú wá. Ó wà láàárín òkun ní gúúsù, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni débẹ̀ láti Jìsán, ooru ń mú níbẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ìkámà wa tó o lọ, kò sí pé à ń tọrọ ìwé ìjáde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sáàárín wa lórí àga, ó ń fi àwòrán hàn wá lórí fóònù: ilé ọlọ́lá kan tó ti ṣòwò péálì rí, tí wọ́n fín ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, igi tó hù sínú omi iyọ̀, ilé ogun àwọn Túúkì, abúlé kan tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Lẹ́yìn náà ló fi ẹranko kan hàn mí, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ọlọ́rùn gígùn. Mo ní kó dúró síbẹ̀. Egbin ni. Ìyá mi tí kò rí egbin rí láyé rẹ̀ ló máa ń kì mí nígbà tí mo wà lómọdé pé arẹwà bí egbin. Ẹranko wo ni mo mọ̀ ní Mẹ́kà ju ológbò, àti àwọn ọ̀bọ ojú ọ̀nà Táífù tó ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ èèyàn? Mo ní ìyẹn ni mo fẹ́ wò, kí wọ́n má tilẹ̀ fi nǹkan mìíràn hàn mí.

Ọjọ́ díẹ̀ la máa lò níbẹ̀, ẹsẹ̀ wa kò sì lè gbé wa dé ibi gbogbo, bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí a máa wò. Abdulhadi kò bojú wo fóònù náà rárá. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sétí omi, kí òun jókòó síbẹ̀ títí ọjọ́ á fi pé. Ó ní ìran wíwò ti sú òun.

Inú bí mi. Mo ní fún àwọn tí kò mọ̀ rí, ẹnu rẹ kì í rẹ̀ ọ́. Ó kan èmi ìyàwó rẹ, ìran wá sú ọ. Mo ní àwọn àgbà sọ pé ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, ṣé èmi nìkan ni màá lọ kí egbin ni? Dalia ló bá wa là á: ọjọ́ àkọ́kọ́ fún ilé ọlọ́lá, ọjọ́ kejì fún egbin, ọjọ́ tó kẹ́yìn fún omi bàbá rẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó ti ta mí lólobó. Nígbà hájì yẹn, Àlàájà kan ará Ìsẹ́yìn tó ń jẹun lọ́wọ́ mi sọ fún mi pé ọkọ mi fi ilé alájà mélòó kan hàn àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lánàá, ilẹ̀ gbalasa làwọn rí níbẹ̀. Mo ní bó ti wà tẹ́lẹ̀ ló ń sọ fún yín, Àlàájà, wọ́n ti wó o. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo bu ẹran kún tirẹ̀.

Dalia padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, bọ́ọ̀sì gbé àwa méjèèjì lọ sí Jìsán, ọ̀nà náà jìn débi pé ìdí mi kú. Nínú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo èèyàn sáré lọ dúró sétí irin láti máa wo òkun, àfi ọkọ mi. Ó jókòó sáàárín, ó dì mọ́ ọmọ Fàràsán kan tó ń jẹ́ Àlí, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi ń gbé àlejò kiri. Kó tó di pé a gúnlẹ̀, ó ti háyà Àlí fún wa. Ó sì ń da ìbéèrè bò ó. Ilé ọlọ́lá yẹn, ibo lẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí? Kí ni wọ́n fín sára rẹ̀? Egbin, ìgbà wo ni wọ́n máa ń jáde, apá ibo? Àlí ní bí oòrùn bá rọlẹ̀ ni, apá ọ̀tún ọ̀nà, lábẹ́ àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún. Mo gbọ́ ọ, mo ní nínú ara mi pé ẹnu oníṣẹ́ ẹnu kì í sinmi.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a dé ilé ọlọ́lá náà. Abdulhadi lọ bá ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ń tọ ipa ibi tí wọ́n fín bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òdòdó dé òdòdó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé èmi tí mo fẹ́ wá ìran wò wá ibi jókòó. Lẹ́yìn náà ló wá rọ́ ilé náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ti ń ṣe fún àwọn Àlàájì. Kò sí ohun tó sọ tí Àlí kò tíì sọ fún un nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n n kò rò ó dé ibẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọkọ mi ti padà wá.

Ọjọ́ kejì, oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a kọrí sí pápá. Ọkùnrin méjèèjì wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, eruku bo gbogbo ìbòrí mi. Bí Àlí ti rọra tẹ bíréèkì, kí n tó rí ohunkóhun, Abdulhadi na ọwọ́, ó sì gbé ohùn inú bọ́ọ̀sì jáde.

"Lápá ọ̀tún wa, egbin nìyẹn."

Mo wo ọ̀tún. Òkúta ni, àti igi ẹlẹ́gùn-ún. Mo yí ojú, àní apá òsì gan-an ni wọ́n wà, ìyá àti ọmọ, wọ́n sún mọ́ wa débi pé mo rí bí imú wọn ti ń mì. Àlí rẹ́rìn-ín, ó ní òsì ni, bàbá. Abdulhadi náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí òsì. Ṣùgbọ́n egbin ti fò. Wọ́n ti gba iwájú ọkọ̀ kọjá, wọ́n ti wà lọ́nà jíjìn lápá kejì, ọkọ mi sì kọjú sí òsì síbẹ̀, sí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ó ń yìn wọ́n. Ó ní ẹ wo ọrùn. Ó ní ẹ wo bí wọ́n ti dúró. Ojú kò rí arẹwà, ẹnu ń kì í.

Mo ní kí Àlí dúró, pé ẹsẹ̀ ń ro mí. Àlí gbé ike omi, ó lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun mọ̀ǹgàríbì lókèèrè. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, a rìn díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo bi í pé, "Láti ìgbà wo?"

Ó lè purọ́. Mo mọ ojú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ purọ́, kò sì ṣe é. Ó ní ó ti pẹ́. Ó ní bí èéfín ló ṣe bẹ̀rẹ̀, tí òun ń nu gíláàsì tí kò dọ̀tí. Ó ní òun rí i pé èèyàn ló dúró síwájú òun, òun rí dúdú ìbòrí mi, ṣùgbọ́n ojú mi, rárá.

Mo fẹ́ sunkún, ìbínú ló kọ́kọ́ jáde. Mo ní tìróò tí mò ń lé ní gbogbo ìgbà yìí, ta ni mò ń lé e fún? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Òkè ni iṣẹ́ mi, Ìyá Dalia. Òkè kì í kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Egbin ni kì í dúró."

Mo ní, "Mẹ́kà wo lò ń sọ? Mẹ́kà tí wọ́n ń wó òkè rẹ̀ lójoojúmọ́?" Mo sọ ti Àlàájà ará Ìsẹ́yìn fún un.

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo gbọ́ bí bọ́ọ̀sì ṣe dákẹ́."

Ó wá ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Dalia. Bí Dalia bá gbọ́, ilé ìwòsàn ni. Bí ilé ìwòsàn bá kọ ọ́ sílẹ̀, kafíìlì á gbọ́. Bí kafíìlì bá gbọ́, ìkámà ńkọ́? Ó ní ọmọ Mẹ́kà lòun, ibo ni wọ́n fẹ́ kí òun fi ojú tí kò ríran mọ̀ lágbàáyé? Àlí pè wá pé àkókò ìrun ti tó, a sì kírun lórí ilẹ̀ tí egbin ti kúrò.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn jẹ́ ti omi. Ìgbà tí a jókòó sórí iyanrìn ni mo tó mọ ìdí tí ọkọ mi fi mú omi láàárín gbogbo ohun tí ọmọ wa fi hàn wá. Òkun kì í béèrè pé kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ sí òun. Etí tó o. Ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí ju ti gbogbo ọjọ́ hájì lọ, àárẹ̀ tí oorun kò lè wò. Mo sọ fún un pé bí a bá délé, ilé ìwòsàn ni. Bóyá ojú náà ṣì ṣeé tún ṣe, bóyá kò ṣeé ṣe. Bí kafíìlì yóò bá lé wa, kó lé wa, ó sàn ju kó o máa na ọwọ́ sí ilẹ̀ gbalasa níwájú àwọn tó fi gbogbo ayé wọn kówó pamọ́ kí wọ́n lè wá wo ilẹ̀ yìí.

Ó bu iyanrìn, ó jẹ́ kó máa dà láàárín ìka rẹ̀.

"Ìwọ ni kó o sọ fún Dalia," ló ní. "Èmi ò lè sọ ọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èmi fúnra mi ni màá dá a padà."

Mo ní ó dáa. Omijé ń dà lójú mi, n kò nù ún, torí pé kò sí ẹni tó máa rí i. A jókòó báyẹn títí ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi èjìká kàn mí, ó ní kí ni mo rí.

Mo ní omi ni.

Ó ní omi báwo?

Mo la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, n kò kọ́ iṣẹ́ náà. Mo fi etí ìbòrí nu ojú mi, mo ní kó dúró ná, kí n wò ó dáadáa.