Láńṣì Tó Bá Wa Gbé ní Ìlọ́fà

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi tirẹ̀ sọ ọ́: èmi ni mo rọ ọ̀dà sínú odó. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi yọ̀. Mo jókòó, mo rò ó dáadáa, mo yọ́ ọ̀dà lórí iná, mo fi ṣíbí àtijọ́ kan rọ ọ́ síbi tí odó náà ti sán, inú mi sì dùn sí ara mi títí di ọ̀sán. Ọyẹ́ ọdún yìí ló la odó náà láti ẹnu dé ìdí. Ọ̀dà ni mo fi ń dí òrùlé tó bá ń jò, òun náà ni mo fi dí garawa ìyàwó mi, kí ló dé tí kò ní dí odó?

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ará Ìdòfin wá tọrọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. A gún iyán fún wọn. Àgbàlagbà tó ṣáájú wọn bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e sẹ́nu, ó dúró, ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún títì àdúgbò yín ṣe ni?”

Àwọn àna rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a gbé ìrẹsì wá. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àwọn ọmọ yí odó náà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àwọn kan ní kí a là á ṣe igi ìdáná. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń gún iyán fúnra rẹ̀ ti wà lọ́jà, kí ni à ń fi odó bàbá-ńlá ẹnìkan ṣe? Èmi ni mo dá ọ̀ràn. Mo kàn jókòó tì í lórí àpótí, òórùn ọ̀dà ń rú sí mi nímú, ó sì gbé mi lọ síbi tí mi ò dé mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Odó yìí ní ọmọ ìyá kan. Láńṣì ni.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò ní gbà pé láńṣì gbé Ìlọ́fà rí, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi onígi tó ní ẹ́ńjìnnì nínú. Orí òkè la wà. Odò tó sún mọ́ wa jù, ẹni tó bá fẹ́ rì nínú rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Láńṣì, ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó kan tó ń kó ẹ̀pà lórí Odò Ọya. Òun ló ń fi epo sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mọ́tò gba ẹrù lọ́wọ́ omi, àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, wọ́n sì fi láńṣì kan tó ti gbó sílẹ̀ fún un, bí ènìyàn ṣe ń fi ajá arúgbó sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ́ ọ. Kò ní ilé létí omi. Igi wà nílé, káfíńtà wà nílé, àwa ọmọ tí ó máa rí rán níṣẹ́ wà nílé pẹ̀lú. Ó bẹ àwọn onílọ́rì agégẹdú kan tó já pákó sókè ọ̀hún tó ń bọ̀ lófìfo, wọ́n sì gbé láńṣì náà wọ ìlú lọ́sàn-án gangan. A sáré jáde ní kíláàsì. Tíṣà wa ló ṣáájú.

Ẹ wá wo ohun tó gbé wá! Ó gùn tó yàrá méjì, ó ní òrùlé kékeré lórí, ó ní irin róbótó tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ìdajì pákó rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan pa bí eyín òkú. Bàbá mi yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó tutọ́, ó ní, “Ṣé òun ló gbé ọ wálé àbí ùwọ lo gbé e?”

Iṣẹ́ odó gbígbẹ́ ni bàbá mi ń ṣe, òun sì ni olórí ẹbí. Ó wá sílé ayé, ó kúrò nílé ayé, kò pe “ilé” rí, “ulé” ló ń pè é. “Igi” sì ni “ugi” lẹ́nu rẹ̀, “ìwọ” ni “ùwọ”, bí gbogbo àgbà wa. Ó ní ìrókò kan lẹ́yìnkùlé tó ti ń tọ́jú bọ̀ láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ ti kú, nítorí òrùlé ilé ẹbí ti ń wó, ìrókò yẹn la ó sì fi tún un ṣe. Nítorí ìrókò yìí gan-an ni Bàbá Láńṣì ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ó pẹ́ lórí ilẹ̀. Èèrà ti ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ kí bàbá mi tó fèsì.

“Gé e,” ni bàbá mi wí. “Àmọ́ bí láńṣì rẹ bá dé orí omi tí kò gbé ènìyàn, èmi fúnra mi ni màá fi ayùn tú u palẹ̀. Pákó mi á padà sórí ulé mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé ìrókò náà. Ara rẹ̀ di pákó láńṣì. Ìdí rẹ̀ tó nípọn ni bàbá mi mú, ó fi gbẹ́ odó fún ìyá mi, odó tí mo wá rọ ọ̀dà sí yìí.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò tán bọ̀rọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń fá irùngbọ̀n kékeré nígbà tó parí. A fi àfọ́kù ìgò họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. A yọ ìṣó tó ti dógùn-ún, ọ̀kan lóòní, ọ̀kan lọ́la, nítorí bí o bá fi agbára fà á, pákó á tẹ̀lé e. A da omi gbígbóná sí pákó tuntun kó lè tẹ̀, a fi okùn dè é mọ́ egungun ọkọ̀, bó bá sán, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá ń ki òwú sáàárín pákó méjì, a ń fi ọ̀dà gbígbóná lé e. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, Bàbá Láńṣì tú u sórí ẹní bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́. Ó mọ ojúlé irin kọ̀ọ̀kan. Adìẹ kò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀.

Gbogbo ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn onígbàgbọ́ tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Nóà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìgbà wo ni òjò ọ̀hún ń bọ̀?” Bàbá Sùlè, aládùúgbò wa, á ti mọ́ṣáláṣí dé, á ní, “Ànábì Núhù, ṣé ẹ ti rí méjì-méjì kó?” Nínú ohun gbogbo, ọ̀rọ̀ láńṣì yìí nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bàbá Láńṣì kì í bínú. Á na ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́, wọn á sì yára lọ.

Èmi ńkọ́? Nítorí pé mo tín-ín-rín, èmi ni wọ́n ń rán wọ abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí láti ọjọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mo wo àwọsánmà tó ń lọ lókè, ó wá dà bíi pé láńṣì ló ń lọ. Mo di etí rẹ̀ mú ṣinṣin, mo bì. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi, òòyì òkun kọ́ mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí kan náà ló rí mi, ó sì fi orin ṣe é títí ọdún fi yí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan o, torí níbẹ̀ ni gbogbo wa ti ṣìnà. Àwa ará òkè, a mọ̀ pé omi ló ń ba igi ilé jẹ́. Pákó òrùlé tí omi bá kàn, ó ti di oúnjẹ olú. Nítorí náà a kọ́ àtíbàbà onípáànù bo láńṣì, bí òjò bá sì ṣú, à ń sáré mú ẹní àti aṣọ lọ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní a ò fi irú ìtọ́jú yẹn tọ́ òun rí. Bàbá Láńṣì pàápàá ń pariwo pé, “Ẹ má jẹ́ kó tutù o!” Ẹ́ńjìnnì lòun mọ̀. Pákó ọkọ̀ tó mọ̀ lójú omi, inú omi ló ti bá a, kò rí i kó gbẹ rí.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dún, ọjọ́ ìsinmi ni. Ó fi irin yí i, yí i, òógùn bò ó. Lójijì ó pariwo gbà-gbà-gbà, èéfín dúdú bo àgbàlá, àwọn ewúrẹ́ gba ọ̀nà Òkè-Ọ̀pin lọ. Ìwàásù dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń wàásù fúnra rẹ̀ bá wa níbẹ̀, ó ní kò burú, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti tán tẹ́lẹ̀.

Lọ́rọ̀ kan, a gbé láńṣì sórí lọ́rì lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ó di apá Pàtégí, létí Odò Ọya. Bàbá mi bá wa lọ. Ó jókòó ní iwájú lọ́rì pẹ̀lú ayùn rẹ̀ lórí itan, ó fi àkísà wé e. Bàbá Láńṣì ń wo ayùn yẹn bí ẹran ṣe ń wo ọ̀bẹ.

Mi ò rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé ilẹ̀ ti tán ni. Wọ́n ti láńṣì sínú omi, àwọn apẹja Tápà bá wa tì í, Bàbá Láńṣì sì ní kí n wọlé, kí n mú igbá dání, bóyá omi díẹ̀ á wọlé. Mo ní inú ń run mí. Ó ní kí n gbé inú náà wọlé.

Omi wọlé lóòótọ́. Ó ń yọ láàárín pákó méjì-méjì bí òógùn, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, níbi gbogbo. Mo gbọ́n ọn, gbọ́n ọn. Nígbà tó kan ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo sọ igbá nù, mo bẹ́, mo ń ké pé, “A ti kú o! Ó ti rì o!” Mo ń lu omi tọwọ́ tẹsẹ̀ títí obìnrin kan tó ń fọ abọ́ fi fi ọwọ́ kan gbé mi dìde. Omi náà kò kọjá orúnkún mi. Àwọn Tápà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nawọ́ sí láńṣì, wọ́n ń sọ ohun kan, a ò gbọ́ èdè wọn. A ṣáà rò pé àwa ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi, wọ́n jàre.

Bàbá Láńṣì kò jáde. Ó di irin ìdarí mú, omi dé ibi ojúgun rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbogbo Nóà, gbogbo Núhù.

Bàbá mi tú àkísà kúrò lára ayùn. Ó wọ inú omi tòun ti aṣọ rẹ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ láńṣì, ó gbé ọwọ́ lé pákó ìrókò rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó ń jò, ó gbé etí lé e bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ayùn sínú láńṣì, lẹ́bàá ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀.

“Ugi yìí ò rì,” ni ó wí. “Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Odó tí mo bá gbẹ́ tó gbẹ jù, ṣebí omi la ń bù sí i kó tó pa ẹnu dé? Ẹ ti fi òùngbẹ pa á lábẹ́ páànù. Ẹ fi í sílẹ̀ kó mu.” Ó wá yíjú sí mi, èmi tí omi ń ro lára mi. “Ùwọ, padà síbi tí o ti bẹ́ wá, kí o jókòó jẹ́ẹ́.”

A sùn létí odò títí láńṣì náà fi mu omi tẹ́rùn; ó dà bíi pé ohun tí àwọn Tápà ti ń wí fún wa nìyẹn. Pákó wú, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n fún òwú àti ọ̀dà mọ́ra. A gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, òmíràn kò wọlé mọ́. Ẹ́ńjìnnì ní gbà-gbà-gbà, a sì lọ. Bàbá mi jókòó ní iwájú, ó di etí láńṣì mú ju bí mo ṣe dì í lọ, kò sì gbà títí ó fi kú pé ẹ̀rù ba òun.

Bàbá Láńṣì fi ọkọ̀ yẹn jẹun, ó fi kó ẹrù àti èrò títí ojú rẹ̀ fi bàìbàì, òun ló sì fi èrè rẹ̀ kan òrùlé ilé ẹbí. Òrùlé yẹn ló wà lórí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ti lọ, àwọn méjèèjì. Láńṣì náà ti lọ. Ìrókò kò sí lẹ́yìnkùlé wa mọ́, ọwọ́ àwọn onípákó la ti ń ra igi tí kò tíì gbó. Àwọn ọ̀dọ́ wa ò bu omi sínú odó mọ́, wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì. Mi ò bínú sí bọ́tìnnì, èmi náà fẹ́ràn iyán tí mi ò gún. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí sùúrù ṣe lójú omi, mo sì mọ̀ pé bí a bá fún igi lóhun tó ń fẹ́, igi á pa ara rẹ̀ dé.

Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé ìdáná nìyẹn, mo sì dìde, mo ní ẹni tó bá fẹ́ la odó yìí, kó kọ́kọ́ là mí. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń họ ọ̀dà kúrò nínú odó láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó họ ọ́ tán, ó na garawa sí mi.

“Bu omi sí i,” ni ó wí, “kí o jókòó jẹ́ẹ́.”