Ọkùnrin Tó Ń Kọjá Lẹ́yìn Òṣèré

Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́, ìlú ńlá ni mo ti kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ní Ìkàrẹ́ tí wọ́n bí mi sí, àpáta ló ga ju ilé lọ, ọwọ́ ènìyàn kọ́ ló sì gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù tí bàbá mi ń yá wálé, Èkó ni mò ń rí: ilé gíga tí fèrèsé rẹ̀ ń kọ mànà, afárá tó gba orí omi kọjá, ènìyàn tó ń rìn kánkán bí ẹni pé ohun rere kan ń dúró dè wọ́n níwájú. Bí àwọn òṣèré bá ń jà tàbí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, n kì í gbọ́. Ìgboro ni mò ń wò. Ìwé ìtàn tí wọ́n bá fún wa nílé ìwé pàápàá, bí kò bá ti sí títì ọlọ́dà nínú rẹ̀, kì í pẹ́ sú mi.

Àbúrò ìyá mi obìnrin kan wà ní Ìwàrò-Ọ̀kà, Ìyá Ọ̀kà la máa ń pè é. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún Iléyá ló máa ń wálé. Lọ́dún kan, kò wálé. Ó já bọ́ láti orí ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Kí ìròyìn tó dé Ọ̀kà, wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún, nítorí ẹ̀sìn wa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ìyá Ọ̀kà kò fojú kan ọkọ rẹ̀ mọ́. Ó ṣe opó tán, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pe ọkùnrin náà ní olóògbé, ojú ọ̀nà ló máa ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó wá kí wa. Òun àti ìyá mi jókòó, wọ́n jọ ń bó ẹ̀pà, èmi ń wo fíìmù tèmi. Òṣèré kan dúró ti mọ́tò, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn. Ni Ìyá Ọ̀kà bá gbójú sókè.

"Dá a dúró!"

Ẹ̀pà dànù sílẹ̀. "Dá a padà sẹ́yìn, ọmọ mi, jọ̀ọ́."

Mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà. Lẹ́yìn òṣèré yẹn, ọkùnrin kan tó gbé báàgì iṣẹ́ kọ́ èjìká ń bọ̀ létí títì. Ó ń ju apá òsì ju ti ọ̀tún lọ. Ó fọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, ó wo ọ̀dọ̀ wa tààrà, ó sì gba ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ.

"Ó kàn jọ ọ́ ni," ni ìyá mi wí, ṣùgbọ́n kò bó ẹ̀pà mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé n ò mọ ìrìn ọkọ mi ni?"

Bàbá mi lọ ra kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ ẹni tó yá a fún wa. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Ìyá Ọ̀kà á wọkọ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Ibi kan ṣoṣo yẹn ló ń fẹ́ wò. Èmi ni mo máa ń tẹ ẹ̀rọ náà fún un. Á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á kúnlẹ̀ bí ìyàwó ti ń kí ọkọ.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ni yóò wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbi iṣẹ́ lónìí."

Ọkùnrin náà á wò wá, á sì lọ.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí mo bá rí ilé gíga, ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù débẹ̀ ni mò ń rò. Àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn òṣèré, n ò mọ èyí tó ṣì wà láyé nínú wọn, wọ́n sì pọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irin. Bí a ṣe ń yí i síwá yí i sẹ́yìn, ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú àwòrán náà. Báàgì rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀. Ní Jímọ̀ kan, òṣèré jiyàn tirẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò kọjá.

Ìyá Ọ̀kà yíjú sí mi. "Ṣé ó ti lọ ni?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Ó ti lọ, àbúrò mi."

Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní kí òun tètè wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò wá ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó padà sí oko rẹ̀, ó tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ dàgbà.

Èmi náà dàgbà, mo lọ ń gbé Èkó. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò lè wo fíìmù ìlú ńlá kankan, ìbáà jẹ́ ti òkè òkun, kí ojú mi má lọ sẹ́yìn òṣèré. Ọkọ mi a máa bi mí pé, "Ta lò ń wá níbẹ̀?"

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo rí fíìmù àtijọ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó mọ́ kedere. Mo gbé fóònù mi lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Ìyá Ọ̀kà ti darúgbó. Mo bi í bóyá kí n fi hàn án. Ó nawọ́ gba fóònù náà.

Ọkùnrin náà yọ. Ìyá Ọ̀kà kò kúnlẹ̀, kò kí i. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú.

"Ọmọdé mà ni," ó ní. "Ọmọ wa ti dàgbà jù ú lọ."

Ó ní kí n tún un ṣe. Bí ọkùnrin náà ti ń lọ, ó sọ̀rọ̀ sí i bí ìyá ti ń bá ọmọ tó ń jáde nílé sọ̀rọ̀:

"Rọra máa rìn o."